Ẹ̀yìn Dídùn Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nìkan

Àwa tí à ń tajà ní Sabon Gari, Kano níhìn-ín, bí ẹ̀yìn bá ń dùn wá, agbo jẹ̀díjẹ̀dí la kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún bá ń rìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó tàbí tó ń kú tipiri, tí ara sì ń tù ú bó bá jókòó, ó lè jẹ́ pé ihò tí iṣan ń gbà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ti há. Agbo kì í la ihò yìí. Ẹ jẹ́ ká rí dókítà. Eré ìdárayá àti oògùn ìrora ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tó le. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé mú mọ́ra mọ́, ẹ má sùn lé e, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ìlera loògùn ọrọ̀.