Àmíbà Tó Ń Bu Èèyàn Jẹ Láàyè

(Ìró omi tó ń dà sínú korobá. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

OLÙSỌ̀TÀN: Omi tí ìgbẹ́ ti kàn lè mọ́ kedere lójú. Ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ kéré débi pé tí ẹ bá to 60 wọn sórí ìlà kan, wọn ò tíì gùn tó mìlímítà kan. Èèpo líle ló fi bora, bí èèyàn bá sì mu omi náà, ásíìdì inú ikùn ò ràn án. Ó di inú ìfun kó tó bọ́ èèpo sílẹ̀, kó di àmíbà tó ń wá oúnjẹ kiri.

Dókítà Fedor Lösch kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1875, lẹ́yìn tó rí i nínú ìgbẹ́ aláìsàn kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń dà láàmú ní St. Petersburg, ní Rọ́ṣíà. Ní 1903, Fritz Schaudinn, ará Jámánì, sọ ọ́ ní Entamoeba histolytica. Ìtumọ̀ histolytica ni èyí tó ń yọ́ ẹran ara. Ẹ fi ìtumọ̀ yẹn sọ́kàn.

(Orin kékeré.)

OLÙSỌ̀TÀN: Àmíbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di sẹ́ẹ̀lì mú kó tó lè pa á. Purotéènì kan wà lára rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ọwọ́, ṣúgà sì ni ọwọ́ yìí ń wá, pàápàá galátóòsì, tó hù sára sẹ́ẹ̀lì wa bí irun. Àwọn onímọ̀ da ṣúgà yìí kan náà sínú omi tí àmíbà àti sẹ́ẹ̀lì jọ wà. Ọwọ́ àmíbà kún, kò rí sẹ́ẹ̀lì dì mú mọ́.

Ara náà mọ ọgbọ́n yìí. Ikun tó bo ìfun ńlá kún fún irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Àmíbà á dì mọ́ ikun, ìgbẹ́ á sì gbá a jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e sínú ni kò mọ̀ rárá. Ìjà dé nígbà tí àmíbà bá tu èròjà tó ń gé ikun sí wẹ́wẹ́, tọ́wọ́ rẹ̀ sì tẹ ògiri ìfun.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé àmíbà ń dá ihò lu sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì bá kú tán, á gbé e mì. Ó ní ohun tó fi ń luhò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn onímọ̀ Katherine Ralston, William Petri àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ohun mìíràn sínú ìwé ìròyìn Nature: ó ń bu sẹ́ẹ̀lì jẹ láàyè, díẹ̀díẹ̀. Bí eku ṣe ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn ni. Kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì á ru sókè, ara rẹ̀ á dàrú, á kú. Bó bá ti kú, àmíbà á já òkú sílẹ̀, á wá alààyè mìíràn lọ. Ọdún 111 lẹ́yìn tí Schaudinn pè é ní èyí tó ń yọ́ ẹran ara, eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn.

(Ìró ọkàn tó ń lù.)

OLÙSỌ̀TÀN: Egbò tó ń dá sínú ìfun rí bí ìgò ọlọ́rùn tínrín: ẹnu rẹ̀ há, inú rẹ̀ gbòòrò. Ẹ̀jẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde. Àwọn àmíbà mìíràn á gba ojú ẹ̀jẹ̀ dé inú ẹ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, àwọn purotéènì tó ń pa àlejò. Ní 2019, iṣẹ́ ilé-ìwádìí Ralston tún fi hàn pé àmíbà tó ti bu sẹ́ẹ̀lì èèyàn jẹ a máa gbé purotéènì ẹni náà sára. Aṣọ ẹni tó bù jẹ ló wọ̀, ó ń kọjá níwájú ẹ̀ṣọ́.

(Ìró ọkàn dákẹ́.)