Ẹ̀rọ tí ń fún Ọmọ ní Máàkì

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ọ̀rọ̀ òní. Kọ̀ǹpútà ti ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé: ó ń kọ́ni, ó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò, ó sì ń fún ni ní máàkì. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020 yẹ kí ó kọ́ gbogbo òbí lọ́gbọ́n.

Ní ọdún náà, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò A-level, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Àwọn olùkọ́ kọ máàkì tí wọ́n rò pé ó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò wọ́n láti orí ẹni tí ó mọ̀wé jù dé orí ẹni tí ó kẹ́yìn. Ofqual, àjọ tí ń bójú tó ìdánwò, wá gbé ìṣirò lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Èsì tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ní ọdún tí ó ti kọjá ni ó fi pín máàkì tuntun.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, èsì jáde. Nínú máàkì mẹ́wàá tí olùkọ́ fi sílẹ̀, bí mẹ́rin ni ó wálẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ń jìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ kíláàsì kò ti ju márùn-ún lọ, ti olùkọ́ ni wọ́n gbà. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olówó. Àwọn ọmọ tú síta, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ 17, ìjọba padà sí máàkì olùkọ́.

Kọ̀ǹpútà kò ṣèké. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́. Àwọn àgbà ní, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ náà gbọ́ ẹjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò gbọ́ ti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ti òde òní: inú àkọsílẹ̀ àná ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Nítorí èyí ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2024 fi ka ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n ìmọ̀ ọmọ mọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀, tí ó sì ní kí ènìyàn máa ṣọ́ wọn.

Nítorí náà, bí irú ẹ̀rọ yìí bá dé ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí òbí béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ó fi ń dájọ́? Olùkọ́ ha lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà bí? Ta ni yóò dáhùn bí ó bá ṣi ọmọ dá lẹ́jọ́? Ibi tí kò bá ti sí ìdáhùn, kí wọ́n má ṣe fi ọmọ lé e lọ́wọ́.