Ohùn Káńsù Kí Wọ́n Tó Sé Odò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìwó)

Akọ̀wé ní kí n má pẹ́. N kò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí oorun bá ń kùn, kó jọ̀wọ́ má hanrun.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi ni pé, bí ìjọba bá fẹ́ sé odò láti fi pèsè iná mànàmáná, tàbí kí ó mú èyí tó ti wà gbòòrò sí i, báwo ni ẹnu ìjọba ìbílẹ̀ ṣe tó níbẹ̀? Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan Ìwó. Omi Aiba tí a sé ní 1957, omi ẹ̀rọ ni a sé e fún, kò tan gílóòbù kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ àjọ tí ń ṣàkóso Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun ni àwa náà wà, àjọ yẹn náà ló sì ni dáàmù Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta àti èyí tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ lápá Ìsẹ́yìn. Láti 2023 tí wọ́n ti tún òfin iná ṣe, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè pèsè iná tirẹ̀ kí ó sì pín in. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbé àwòrán odò wọ Ìwó, orí tábìlì tiwa ni yóò kọ́kọ́ gbé e kà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Kainji. Ní 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1968 ni omi kún. Àwọn tó ṣí kúrò nílé baba wọn tó ẹgbàá méjìlélógún, 44,000. Ìlú Bussa àtijọ́ wọ inú omi lọ. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti fi mẹ́rin mìíràn kún un, agbára ilé ẹ̀rọ náà sì di 760 mẹ́gáwáàtì. Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní 1985, Shiroro ní 1990. Iná yẹn dé Ìbàdàn, ó dé Èkó, ó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọdún 2010 ni òfin tó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún àwọn agbègbè tí iná yìí ti ń wá tó jáde, 2020 ni wọ́n sì tó gbé ìgbìmọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n kúrò ní Bussa ní 1968 ti lé ní ogójì ọdún kí òfin tó rántí rẹ̀.

Ti Ọ̀yán sún mọ́ wa jù. Ní 1983 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi ẹ̀rọ mẹ́ta sí i tó yẹ kó mú 9 mẹ́gáwáàtì jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, iná kò jáde. Dáàmù ni wọ́n kọ sí pátákó. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá omi lọ lè yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, kó pè é ní dààmú.

Kí ni òfin wá sọ? Ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Nítorí náà, kì í ṣe káńsù ló ń fọwọ́ sí i. Àmọ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala keje, ní ojúṣe káńsù ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Òfin àyíká ti 1992 sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí dáàmù ńlá tó bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí adágún rẹ̀ bá ju 400 hẹ́kítà lọ, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìpinnu tó wáyé. Ṣáájú ìpinnu, ẹ̀yin ènìyàn. Kì í ṣe ọjọ́ tí gómìnà bá wá gé rìbọ́ọ̀nù.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló yẹ kó lé oorun lójú wa. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló ń san owó rẹ̀: ilé, kànga, igi, irè oko. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iye tí ẹ rò pé ó ní. Abala 47 tún ní ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Tí wọ́n bá ti ka igi kòkó ogójì sí mẹ́wàá, tani ẹ fẹ́ lọ bá?

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ, lẹ́tà kan dé pé kí a sọ èrò wa lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ gbà fún iṣẹ́ omi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Èmi ni mo gba lẹ́tà náà. Mo kọ nọ́ńbà sí i lára, mo fi í sínú fáìlì, mo gbé fáìlì sórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Nígbà tó yá, a rí i nínú ìwé pé káńsù kò ní àtakò kankan. Katapílà dé. Ìyá àgbà kan wá sí ọ́fíìsì, ó mú èso kòkó kan lọ́wọ́, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Kì í ṣe olówó kan ló jẹ oko rẹ̀. Fáìlì tí kò kúrò lójú kan ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀ka yìí. Kí àwa tí a wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹ̀ka iṣẹ́ òde bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó ń dáko lẹ́bàá odò sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí ariwo: oko ta ni, kí ló wà níbẹ̀, igi tó ti ń so mélòó, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mélòó, nítorí iye wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí a kọ àwọn obìnrin tó ń fi ọgbà ẹ̀fọ́ etí odò jẹun pẹ̀lú; orúkọ ọkọ wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ. Kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà ní káńsù, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ abúlé. Lẹ́tà tó bá béèrè èrò wa, kí ó má sun ọjọ́ méjì lórí tábìlì kan. Bí ọ̀gá kò bá sí, kí ẹni tó di ipò rẹ̀ mú gbé e lọ síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀.

N kò lòdì sí iná o. Nínú òkùnkùn ni mo ti ka ìwé tí mo ń kà fún yín yìí lálẹ́ àná, àtùpà ni mo fi kà á. Mo ti kọ àpẹẹrẹ fọ́ọ̀mù náà sí ojú ewé kan ṣoṣo. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́ sókè.