Ohun Tó Bá Dúró Lọ́wọ́ Ọmọ: Ìtọ́jú Mẹ́ta fún Àwọn Ọmọ Tó Ní Ọ́tísìmù

Ọ́tísìmù, gẹ́gẹ́ bí àwùjọ tó pé jọ sí gbọ̀ngàn yìí ti mọ̀, jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, èyí tó máa ń hàn láti kékeré nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré, nínú àṣetúnṣe ìwà kan náà, àti nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ ṣe ń ni ín lára. Dókítà Leo Kanner ti ṣàpèjúwe ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀ ní Baltimore lọ́dún 1943, kò sì sí ìdí láti tún ìtàn náà pa. Ìtọ́jú mẹ́ta la ó gbé yẹ̀ wò: ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tó ń wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi sọ èrò rẹ̀, yálà lẹ́nu, pẹ̀lú ọwọ́ tàbí pẹ̀lú àwòrán, ìtọ́jú ìṣe ojoojúmọ́, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe jẹun, wọṣọ àti kọ̀wé, àti físíò, tó ń mú iṣan àti ìrìn tọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ìtumọ̀.

Bóyá àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí ń ṣe ọmọ láǹfààní kì í ṣe ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń mú ọ́tísìmù kúrò lára ọmọ, ẹni tó bá sì fi èyí ṣe ìpolówó ń tan òbí jẹ. Òṣùwọ̀n tó yẹ ni ohun tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tí olùtọ́jú kò sí nítòsí.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti hàn jù lọ ni àríyànjiyàn lórí ọ̀nà kan tí olùrànlọ́wọ́ fi ń di ọwọ́ tàbí apá ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ mú, tí ọmọ náà yóò sì máa na ìka sí lẹ́tà lórí pátákó tàbí kọ̀ǹpútà. Rosemary Crossley ló gbé e jáde ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Douglas Biklen ti Yunifásítì Syracuse gbé e dé Amẹ́ríkà, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1990. Àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn gígùn, àní ewì pàápàá. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà rántí bí ìròyìn náà ṣe dùn tó, àti bí ẹni tó bá béèrè ẹ̀rí ṣe ń dà bí ìkà lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ ní ilé ìtọ́jú O.D. Heck ní ìpínlẹ̀ New York mú ènìyàn 12 tó ní ọ́tísìmù àti olùrànlọ́wọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ń fi àwòrán hàn wọ́n lọ́nà tí ẹnì kan kò fi lè rí ti ẹnì kejì. Nígbà tí àwòrán bá yàtọ̀ síra, ohun tí olùrànlọ́wọ́ rí ni ọwọ́ ń tẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú rí. Àwọn olùrànlọ́wọ́ náà kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ọwọ́ wọn ló ń darí ti ẹnì kejì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ọ̀nà náà jiyàn pé ìdánwò ń da ọkàn ọmọ rú. Àwáwí yìí kò dúró, nítorí àwọn èèyàn kan náà, nínú yàrá kan náà, ń dáhùn bó ti yẹ nígbà tí àwòrán méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kọjá eré, torí pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí nítorí ẹ̀sùn tí wọ́n fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà tún kìlọ̀ lọ́dún 2018 pé kí wọ́n má ṣe lò ó, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń tà á fún òbí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ó yẹ kí ojú ti àwọn tó kàwé nínú wọn.

Ọ̀nà pípààrọ̀ àwòrán, tí Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ní Delaware lọ́dún 1985, yàtọ̀ pátápátá. Ẹnì kan lè ran ọwọ́ ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yára yọwọ́, títí ọmọ yóò fi lè mú àwòrán omi fún ìyá rẹ̀ nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, láìsí olùkọ́ nínú ilé. Bákan náà ni ìwádìí tí Jonathan Green àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ọmọ 152 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010: olùtọ́jú ń ya fídíò òbí àti ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré, wọ́n á jọ wò ó, òbí á sì máa dá ìgbà tí ọmọ fẹ́ sọ nǹkan mọ̀. Ìyípadà tó bá àmì ọ́tísìmù fúnra rẹ̀ kéré nígbà náà, àmọ́ ìdáhùn òbí sunwọ̀n gan-an. Nígbà tí wọ́n sì padà lọ wo àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú, àmì náà kò le tó ti àwọn tí kò gba irú ìtọ́jú yẹn. Kí àwọn tó ń sọ pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá, fetí sí èyí: ìyá kò fa ọ́tísìmù, àmọ́ ìyá àti bàbá lè jẹ́ olùtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù lọ.

Alága ti ń wo aago. Ní ti ìtọ́jú ìṣe ojoojúmọ́, èyí tó bá kọ́ ọmọ ní ohun pàtó, bíi bọ́tìnnì dídè tàbí eyín fífọ̀, ló ń so èso jù. Ní ìyàtọ̀ sí èyí, aṣọ ìbora wíwúwo tí wọ́n dán wò lára ọmọ 67 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2014 kò mú oorun wọn sàn.

Físíò wúlò fún ọmọ tí iṣan rẹ̀ rọ̀ tàbí tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Kò pọn dandan fún gbogbo wọn.

Àwọn olùtọ́jú ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, àmọ́ ìwádìí ọdún 2016 ní Goa ní Íńdíà àti Rawalpindi ní Pakistan fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè kọ́ òbí ní ọ̀nà ti Green. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí òbí sì máa béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú kí owó tó jáde pé: kí ni ọmọ yìí yóò lè dá ṣe nílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?