Òòrùn Ni Aago Wa: Kí Ni Kí Rẹfirí Ṣe sí Ẹgbẹ́ Tó Ń Fi Eré Falẹ̀?

Ẹnìkan bi mí léèrè pé kí ni mo rí sí bí àwọn rẹfirí rugby ṣe ń ṣe sí ẹgbẹ́ tó bá ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń fọn fèrè sí, n ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rugby rí láyé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo fọn fèrè àṣekágbá ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́nà Ìfọ́n. Aago mẹ́rin ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá: àwọn àgbà tó fẹ́ bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ kò tètè dé. Aago márùn-ún ti kọjá ká tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ kan gbá góólì kan wọlé bí abala kejì ṣe bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni eré parí lójú tiwọn. Kípà wọn a gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, a dùbúlẹ̀ lé e, a dìde, a tún so okùn bàtà. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé a nù ún mọ́ aṣọ, a sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan ṣubú láìsí ẹni tó kàn án. Wọ́n da omi lé e lórí, ó dìde, ó sáré bí àgbọ̀nrín. Èmi ń tọ́ka sí aago ọwọ́ mi, mo ń pariwo pé, "Màá fi kún un! Màá fi kún un!" Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe.

Nígbà tí àkókò pé, ìṣẹ́jú 9 ni mo jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí iná ní pápá yẹn. A ò tíì lo ju 3 lọ nínú ìṣẹ́jú 9 náà tí n ò rí ìlà mọ́, mo sì fọn fèrè ìparí. Ọmọ kan nínú àwọn tó pàdánù wá bá mi. Kò bú mi. Ó ń sunkún, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ ní ẹ máa fi kún un." Àwọn kan ti ń wá òkúta nígbà náà, ọ̀kadà ló gbé mi sá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Fífi àkókò kún un dára níbi tí iná bá wà. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar lọ́dún 2022, bí ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n fi kún abala kìíní eré England àti Iran, torí kípà Iran fi orí ṣèṣe. Iná pápá ń tàn, kò sẹ́ni tí ilẹ̀ ṣú mọ́. Níhìn-ín, òòrùn ni aago wa, kò sì sí rẹfirí tó lè dá òòrùn padà.

Nínú rugby, rẹfirí lè dá aago dúró. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, World Rugby tún ka àkókò sí wọn lọ́rùn: ìṣẹ́jú-àáyá 60 fún ẹni tó fẹ́ gbá pẹnáríti sílé, 30 kí àwọn òmìrán wọ̀nyẹn tó to èjìká láti ti ara wọn. (Ẹ má rò pé eré àjèjì pátápátá ni o. Adedayo Adebayo tí wọ́n bí ní Ìbàdàn gbá a fún England.)

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní Melbourne. Australia ń fi 37 sí 34 na New Zealand, eré ti fẹ́ parí. Wọ́n fún Australia ní pẹnáríti nítòsí ilé wọn. Bernard Foley ló yẹ kó ta bọ́ọ̀lù jáde, ṣùgbọ́n ó dúró. Rẹfirí, Mathieu Raynal ará Faransé, ní kó gbá a. Kò gbá a. Raynal fọn fèrè, ó gba bọ́ọ̀lù fún New Zealand. Jordie Barrett gbé e wọlé, 39 sí 37 ni eré parí sí. Inú bí àwọn ará Australia gan-an. Lójú tèmi, Raynal kò ṣi ẹjọ́ dá, ó ti kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fọkàn balẹ̀ dá irú ẹjọ́ yẹn ní ìparí àṣekágbá lọ́nà Ìfọ́n, tí òkúta wà nílẹ̀? Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ eré ló yẹ kí n ti dá a, nígbà tí ara gbogbo èèyàn ṣì tutù.

Bọ́ọ̀lù tiwa náà ti yí òfin padà. Tẹ́lẹ̀, kípà tó bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ, fírí-kíìkì ni lẹ́nu ilé rẹ̀. Ìyà yẹn wúwo, ó sì ń dá rúkèrúdò sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa bá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Láti oṣù keje ọdún 2025, ó di 8, kọ́nà sì ni ìyà rẹ̀. Rẹfirí á na ọwọ́ sókè, á fi ìka ka 5 tó kẹ́yìn kí gbogbo pápá rí i. Kọ́nà ò wúwo, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè fọn ọ́n.

Ní báyìí, kí n tó fọn fèrè rárá, mo máa ń pe balógun àti kóòṣì méjèèjì. Mo máa ń sọ fún wọn pé n ò ní fi kún un, ojú ẹsẹ̀ ni màá gbà á. Ẹni tí wọ́n bá tọ́jú nínú pápá á jáde, á dúró títí màá fi pè é. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ó ń ṣeré. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo èrò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irọ́ ló ń pa, tí orúnkún rẹ̀ sì ti yẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́yìn tí òfin tuntun dé, mo fọn fèrè kan ní Ọ̀wọ̀. Ìṣẹ́jú 12 péré, kípà kan dùbúlẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Mo ka ìka márààrún, mo fún wọn ní kọ́nà. Kóòṣì rẹ̀ pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Kọ́nà náà kò wọlé. Àmọ́ kípà yẹn kò dùbúlẹ̀ mọ́, òòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a parí, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn délé.