Ta Ni Kí Àwọn Nọ́ọ̀sì Fi Ṣe Olórí?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Kútọnu nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni, àti bí wọ́n ṣe ń yan olórí. Ẹnì kan lè sọ pé: "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì." Ó kàn yín. Nígbà tí ibà mú ọmọ yín lóru, ta ni ẹ gbé e lọ bá? Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, kò sí dókítà. Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, òun àti agbẹ̀bí. Òun gan-an ni a máa ń pè ní dókítà.

Ilé ìwòsàn tí kò ní omi, oògùn tó ti tán láti oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún abúlé mẹ́ta: ta ni yóò sọ ọ́ létí mínísítà? Olórí ẹgbẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ra o, ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe síńdíkà. Síńdíkà ń jà fún owó oṣù. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ta ló yẹ kó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí ló gbọ́dọ̀ kọ́, ìwà wo ni kò gbọdọ̀ hù sí aláìsàn. Ní 2018, òfin kan jáde ní Benin tó ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ fẹ́ ẹ o, ẹ kò fẹ́ ẹ o, ẹni tí a sọ fún pé kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu ló kù fún un. Ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò sọ.

Báwo ni a ṣe ń yan irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ń yan ọmọ ìlú wọn. Àwọn kan ń yan ẹni tó ra sódábì fún wọn. Ìwọ̀nyí, ẹ ti mọ̀ wọ́n, n kò ní fi wọ́n jẹ yín ní àkókò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń yan ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́. Èyí dà bí ohun tó dára. Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Florence Nightingale. Ní 1854 ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun nínú ogun Crimea, orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ni a ń fi ṣe ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo ayé. Ní 1887, àwọn nọ́ọ̀sì kan ní ilẹ̀ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ethel Bedford Fenwick ló ṣáájú wọn. Wọ́n fẹ́ kí òfin kọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ sínú ìwé kan, kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ má baà pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Nightingale kò fara mọ́ ọn. Lójú rẹ̀, ìdánwò kò lè wọn ìwà ènìyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti tẹ̀ lé orúkọ ńlá yẹn, ta ni ìbá gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́?

Fenwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1899 wọ́n dá ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì gbogbo ayé sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1919 ni òfin tí wọ́n ń fẹ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú chọ́ọ̀kì yín. Ẹ kọ 1919, ẹ yọ 1887 kúrò. Ọdún 32 ni.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Ọmọ Èkó ni Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ gbogbo ayé tí Fenwick dá sílẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kútọnu. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì wà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Hubert Maga sọ. Ibẹ̀ ni àwọn mínísítà ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tó wà ní Malanville létí odò Ọya ńkọ́? Ọ̀nà rẹ̀ lé ní 700 kìlómítà. Ẹni tó wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà níbi iṣẹ́. Bó bá ti ilẹ̀kùn lọ dìbò, ta ni yóò tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ lọ́jọ́ náà? Kò ní lọ. Àwọn tó wà nítòsí yóò wá yan ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní iná mànàmáná, tí dókítà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè gbàgbé ẹni tó ń fi àtùpà di egbò.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Láti 1999, ẹkùn 12 ni wọ́n pín Benin sí. Kí nọ́ọ̀sì ẹkùn kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ pàdé nítòsí ilé wọn, kí wọ́n yan aṣojú, kí aṣojú náà lọ sí Kútọnu. Kí wọ́n kéde ọjọ́ ìpàdé ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ẹni tó dá nìkan wà lè wá ẹni tí yóò dúró dè é.

Bí kò bá tún lè lọ, kó kọ ìwé àṣẹ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti bá a dìbò. Ẹ fiyè sí ìwé yìí o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó ìwé àṣẹ 30 wọlé, ẹni náà nìkan ti di ẹni 31. Àwọn tí kò rí oúnjẹ wá fún ìpàdé pàápàá kò ní lè bá a jà. Kí òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ mú ju ìwé àṣẹ kan tàbí méjì lọ. Kí wọ́n sì dìbò sínú àpótí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n nà sókè, ta ni yóò na ọwọ́ lòdì sí ọ̀gá tó ń bu iṣẹ́ fún un?

Kí wọ́n tó dìbò, kí wọ́n bi ẹni tó ń du ipò ní ìbéèrè. Ìgbà wo lo dé ilé ìwòsàn abúlé kẹ́yìn? Owó wo lo ti tọ́jú rí, ìwé rẹ̀ dà? Ta lò ń kọ́ tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ? Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìwé akápò kò gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ akápò tàbí ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè lo àwọn ìbéèrè yìí. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako. Wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn ará ìlú máa dá sí owó ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa bójú tó o. Ní Pahou, tí kò jìnnà sí Kútọnu, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ kí ìpàdé náà tó wáyé. Bí ìgbìmọ̀ bá wà fún ilé ìwòsàn yín, ìwé owó oògùn wà lọ́wọ́ wọn. Apá mẹ́ta ló ní: owó tó wọlé, owó tó jáde, owó tó kù. Ẹni tó bá ka ojú ìwé yìí dé ibí lè kà á. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i.