Ohun tí A Wọ̀n àti Ohun tí A Rò

Bí iná bá lọ lálẹ́, tí eruku ọ̀yẹ́ kò sì bo ojú ọ̀run, àwọn ìràwọ̀ a máa tàn yòò lókè ilé wa. Níbi tí ojú lásán kò lè tó, ìràwọ̀ kan wà tí à ń pè ní Amadioha. Ní 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè láàyè láti sọ ìràwọ̀ lórúkọ, Nàìjíríà ni ó fún un ní orúkọ yìí. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká ni a sọ ní Equiano, ní ìrántí Olaudah Equiano, ẹni tí ó ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú ní 1766, tí ó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789.

Kò sí ẹni tí ó fojú rí pílánẹ́ẹ̀tì yìí rí. Báwo ni a ṣe wá mọ̀ pé ó wà? Bí ìyá bá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí ó ń fi í yípo, ara ìyá pàápàá yóò máa fì. Irú fífì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rí lára ìràwọ̀ náà láti La Silla ní ilẹ̀ Chile, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2009. Nǹkan bí ọjọ́ 327 ni Equiano fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká. Ìwọ̀n rẹ̀, ó kéré tán, ju ìdajì ti Júpítà lọ. Ọ̀nà rẹ̀ gùn bí ẹyin tí a fà, tó bẹ́ẹ̀ tí ooru tí ó ń gbà nígbà tí ó bá súnmọ́ ìràwọ̀ náà jù lọ fi tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún èyí tí ó ń gbà nígbà tí ó bá jìnnà jù lọ.

Ìwọ̀nyí ni a wọ̀n. Pé gáàsì ni gbogbo rẹ̀, pé ìjì líle ń jà níbẹ̀ nígbà tí ooru bá dé, pé àwọsánmà rẹ̀ ń túká bí ìrì òwúrọ̀: ìwọ̀nyí ni a rò. Ẹni tí ó ya àwòrán wọn kò ṣẹ̀, bí ó bá ti jẹ́wọ́ pé èrò ni.

Àwa ará Maiduguri mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá jẹ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 2009 kan náà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ìlú wa, òótọ́ nìkan ti tó pa ni lẹ́kún. Síbẹ̀ àhesọ tún gùn ún lẹ́yìn, aládùúgbò sì ń sá fún aládùúgbò. Bí àwọn onímọ̀ bá lè ṣọ́ ẹnu wọn lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí igba ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni àwíjàre wa lórí ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pààlà wa pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí a tó tún ìròyìn kan sọ, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: ṣé a wọ̀n ọ́n ni, àbí a kàn rò ó? Ó dàárọ̀ o.